Ẹ Gba Orin Ràmátù Kúrò Lẹ́nu Wọn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú agboolé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìlú Hamburg níbí, àyà mi kan ilẹ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀yin ni ẹ bí mi, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi Ìdìrísù kò mọ ìkíni. Mo kí Ìyá mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí Lèmọ́mù àti gbogbo àgbà tó ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò wa. Ìkíni ti parí nìyẹn, Bàbá. Inú ń bí mi.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí lẹ́tà yìí fi jẹ́ ti Yorùbá, kí ló sì dé tó fi jáde nínú ìwé ìròyìn kékeré tí àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ ní Cotonou, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ lẹ́tà sí yín ní èdè Faransé, nítorí òun ni ilé ìwé fi kọ́ mi láti kọ nǹkan sílẹ̀. Mètìrì, olùkọ́ ilé ìwé Kambolé, ìlú wa ní Tógò, ló ń kà á fún yín, tó ń sọ ọ́ di Yorùbá. Nínú lẹ́tà kejì, mo kọ ọ́ kedere pé n kò tíì dárí jì yín lórí ọ̀rọ̀ Ràmátù. Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ ni pé inú yín dùn sí àdúrà tí mo ṣe, pé iṣu ta dáadáa, kí Ọlọ́run fún mi ní alùbáríkà. Àdúrà wo? Mo kọ òmíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní bí mo bá padà dé Kambolé, n kò ní sùn lábẹ́ òrùlé yín. Ẹ dá mi lóhùn pé yàrá mi wà nílẹ̀, pé ẹ ti fi páànù tuntun bò ó.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bí wọ́n ṣe máa ń ka lẹ́tà fún àgbà lọ́dọ̀ wa nìyẹn, wọ́n á yọ gbogbo egungun inú ẹja kúrò kí wọ́n tó gbé e síwájú yín. Mètìrì rò pé ọ̀wọ̀ ni òun ń bù fún yín. Ṣùgbọ́n egungun yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Nítorí náà, Ìyá Èsítérì ni yóò ka èyí, obìnrin Sokodé tó máa ń wá ra iṣu lọ́wọ́ yín, tó kọ́ kíka Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo ti ránṣẹ́ sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó sí àgbàlá ní ọ̀sán gangan, kí Ìyá mi wà níbẹ̀, kí ó kà á sókè láìfo ìlà kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mùmúní, ọmọ àbúrò yín tí àwa méjèèjì jọ wà níbí, lọ sílé ní oṣù tó kọjá, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ bọ̀. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tó gbé e fún mi. Ẹ mọ̀ pé aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń fọ̀. Ooru inú ilé ìfọṣọ náà kò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn Kambolé, bí mo bá sì jáde síta, òtútù á gbá mi lójú títí omi á fi máa dà lójú mi tí n kò sunkún. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Nítorí náà, tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti ilé dé, mo máa ń po tíì, mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ máńgòrò yẹn.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kí mi, ó kí iṣẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ ilé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni mo ti gbọ́ fèrè àti àtẹ́wọ́ láti pápá ilé ìwé, àwọn ènìyàn sì gbé orin. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ń mi ẹsẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ibi tí ohùn orin náà yí sí, tí ọwọ́ mi dá dúró lórí ife. Orin Ràmátù ni. Ohùn tí èmi fúnra mi fi ìka wá lórí gìtá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Faransé tí kì í ṣe tèmi ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń yin Olórí wa tó wà ní Lómé, ẹni tó ti wà lórí àga láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu ọmú: àlàáfíà rẹ̀, ìṣọ̀kan rẹ̀, orílẹ̀-èdè tó kọ́. Ẹgbẹ́ animasíọ̀n ni, àwọn tí wọ́n ń kó jọ ní gbogbo abúlé láti máa jó, láti máa kọrin ìyìn. Ìyá mi dákẹ́ láàárín orúkọ ọmọ kan. Kásẹ́ẹ̀tì náà ń yí lọ, èémí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Ẹ̀yin ni ẹ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, Bàbá. Ẹ ní ṣé mo gbọ́ orin mi? Ẹ ní Mètìrì ló fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i, pé wọ́n ti kọ ọ́ ní Tchamba, pé pèréfẹ̀, aṣojú ìjọba ní agbègbè wa, fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó sì béèrè ọmọ ẹni tó ṣe é, pé wọ́n fi yín jókòó sí àga iwájú. Ẹ ní kí inú mi dùn. Ẹ ní tí ìbínú bá kù nínú mi, kí n mọ̀ pé orin míràn ni, nítorí kò sí orúkọ Ràmátù nínú rẹ̀ mọ́.

Nítorí àwọn tó ń ka ìwé yìí tí wọn kò mọ̀ wá, mo ní láti sọ ẹni tí Ràmátù jẹ́. Àbúrò tó tẹ̀lé mi ni. Ó ti ilé ọkọ rẹ̀ ní Goubi wá sí Kambolé láti wá bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá wa. Ọjọ́ tí Olórí fẹ́ gba Tchamba kọjá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, láti àárọ̀. Ìjọba sì ti pàṣẹ pé kí abúlé kọ̀ọ̀kan kó oníjó wá sí etí títì. Bàṣé kan ṣoṣo ni a ní nílùú, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin oníjó ti kún inú rẹ̀, wọ́n ti ró aṣọ tí ojú Olórí wà lára rẹ̀, nígbà tí agbẹ̀bí sọ pé ọwọ́ òun kò ká a mọ́, kí wọ́n máa gbé Ràmátù lọ sí ilé ìwòsàn Sokodé. Gàníù awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó wá bá Bàbá mi, nítorí Bàbá mi ni olórí àdúgbò, òun ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àwọn oníjó lé lọ́wọ́. Bàbá mi ní kí ó kọ́kọ́ gbé oníjó dé Tchamba, kí ó sì yára padà. Ó ní àkọ́bí máa ń pẹ́.

Ní Tchamba, àwọn sójà kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kúrò títí Olórí yóò fi kọjá. Ó kọjá nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Kò dúró. Gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ wà ní títì. Nígbà tí Gàníù padà dé, Ràmátù àti ọmọ inú rẹ̀ ti lọ.

Sokodé ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, ní àdúgbò Kouloundè, níbi tí àwa márùn-ún ti ń lu orin rọ́ọ̀kù. Ẹ kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ kò dí mi lọ́wọ́. Orin àwọn òyìnbó ni à ń kọ́ láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Nínú wa kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo ṣe gbọ́ ọ létí ni mo ṣe ń kọ ọ́, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí níbì kankan láyé. Síbẹ̀, orin kan wà tó jẹ́ pé tí mo bá ti dé àárín rẹ̀, tí mo gbé ohùn sókè, àwọn ènìyàn á dá ijó dúró, àwọn mìíràn á nu ojú. Opó kan ní Kouloundè máa ń ránṣẹ́ pé kí a kọ orin ọkọ òun fún òun. Ó dá a lójú pé ẹni tó kú ni ọkùnrin inú orin náà ń pè. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibí ni ọmọ Ghana kan níbi iṣẹ́ wa túmọ̀ rẹ̀ fún mi, a rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó. Ọkùnrin tí ọkọ̀ ojú irin fi sílẹ̀ lọ ló ń bú ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Òkú kankan kò sí níbẹ̀. Opó náà ló mú òkú tirẹ̀ wá, ó gbé e sínú èdè tí kò gbọ́, ó sì rí àyè tẹ́ ẹ sí. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un.

Àyè yẹn ni èmi náà wá lò, ẹ̀rù ló mú mi lò ó. Nígbà tí mo ṣe orin Ràmátù, Faransé ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Mo tan ara mi pé nítorí kí gbogbo Sokodé lè gbọ́ ọ ni. Irọ́ ni. Ní Faransé, mo lè sọ pé àbúrò mi kú, kí n sì máa bá orin lọ. Ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ lẹ́nu mi gẹ́gẹ́ bí èyí tí a há sórí ní ilé ìwé. Mo gbé e wá sí Kambolé ní ọjọ́ kejì Iléyá. Ọ̀sán ni, pápá ilé ìwé kún. Kò sí iná mànàmáná, nítorí náà bátìrì inú bàṣé Gàníù ni a so ẹ̀rọ wa mọ́. Mo kọ ọ́. Ìlù inú rẹ̀ yára, gbogbo ènìyàn jó. Ẹ̀yin náà jó, Bàbá. Ẹ jó wá síwájú mi, ẹ lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, òógùn ayọ̀ ń dà lójú yín. Mo ń sọ ikú ọmọ yín, ẹ̀yin ń gbé èjìká.

N kò lè gbà á. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí a tún un kọ, mo sì kọ ọ́ ní Yorùbá, èyí tí mo ti ṣe sílẹ̀ tí n kò nígboyà láti kọ síta. Ìlù kan náà, gìtá kan náà, bátìrì kan náà. Kí n tó dé ìlà kẹta, ẹsẹ̀ ti dúró. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Gàníù lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin rìn wá, ẹ fi ọwọ́ ara yín fa wáyà yọ lára bátìrì, ẹ sì sọ fún mi níwájú gbogbo ènìyàn pé ohun tó bá wù mí ni kí n máa fi Faransé sọ, pé kí n má tún fi èdè tí ẹ̀yin àti Ìyá mi fi ń kíra lówùúrọ̀ sọ ọ́ mọ́. Ẹ ní títí n ó fi tọrọ àforíjì, kí n má wọ agboolé yín.

Ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ.

Mo padà sí Sokodé. Níbẹ̀, mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe wù mí, nítorí Tem ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń jó o bí ẹ ṣe jó ti Faransé. Onílù wa, ọmọ Tem pọ́ńbélé, fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo orin wa lọ. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni mò ń wí níbẹ̀. Mo fi Tem sọ ọ́ fún un, ìlà sí ìlà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò lè lu orin náà. Nígbà tó lù ú padà, ó ń lù ú jẹ́jẹ́. Ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Ràmátù rárá nìyẹn, Bàbá. Kò rí i rí.

Níbí, èdè Jámánì ń kọjá lára mi. Mo ti gbọ́ ọ dáadáa báyìí. Orin rọ́ọ̀kù wọn tí mo fẹ́ràn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo rò pé ohun ńlá ni wọ́n ń sọ, mo wá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rẹ́bìnrin ni, mo sì máa ń pa á kí n lè sùn. Mo lè fi Jámánì bú ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ kí n sì jẹun lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mò ń kọ sí yín ní Yorùbá yìí kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìlà tí mo ti fi Faransé kọ láìmoye ìgbà, pé n kò tíì dárí jì yín, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fà á ya kí n tó lè fi í sílẹ̀ nínú èyí.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé orin míràn ni. Ní etí yín, bóyá. Ẹ kò gbọ́ Faransé, ẹ rí àyè nínú rẹ̀ bí opó Kouloundè ti rí i, àyè tiyín ni pé ẹ lè jókòó sí àga iwájú láìrántí. Ìyá mi náà kò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí ohùn yẹn bá gbéra láti pápá, Yorùbá ló ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó tì í nígbà tó dákẹ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ, ẹ wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ lè ròyìn àga fún mi. Orin tó ń béèrè ta ló gbé ọkọ̀ lọ, ẹ fi ń yin ẹni tí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ pàdé. Ojú kò tì yín.

N kò yọ ara mi kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi Faransé bo ikú Ràmátù, èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kí Kambolé jó o. Bí mo bá ti kọ ọ́ ní Yorùbá láti ọjọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀ ọ́n sí orin ijó tí Mètìrì lè fi ọ̀rọ̀ míràn sí. Mo ń jẹ ẹ̀bi tèmi níbí lójoojúmọ́, ẹ jẹ tiyín.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù wà. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun kò ní jó. N kò ní kí ẹ bá ìjọba jà. Ohun tí mo fẹ́ kéré: lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ẹ dìde níwájú Lèmọ́mù àti Mètìrì, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé orin òkú ni, pé òkú yín ni, pé kí wọ́n wá ohùn míràn. Kò sẹ́ni tó máa mú àgbàlagbà fún ìyẹn. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ̀yin má sọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Ìyá mi nìkan ni kí ó sọ̀rọ̀, kí àwọn oníjó wà ní pápá bí wọ́n ṣe máa ń wà, kí ó sì ka orúkọ àwọn ọmọ ilé tán láìdákẹ́. Tí mo bá gbọ́ ìyẹn, n ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, n ó sì sùn lábẹ́ páànù tuntun yín. Tí n kò bá gbọ́ ọ, ẹ kó iṣu sínú yàrá náà.

Ìyá Èsítérì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀ níbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àgbàlá, ẹ má jó.

Ta ló gbé ọkọ̀ lọ, Ràmátù ń rọbí?
Ta ló gbé ọkọ̀ lọ, oòrùn wà lókè?
Wọ́n gbé e lọ jó, wọ́n gbé e lọ kọrin,
wọ́n ń juwọ́ sí gíláàsì tí wọ́n tì pa.
Ìyá gbé omi kaná, omi náà ti tutù.
Ìyá mú aṣọ funfun, kò rí ọmọ fi wé.
Bàbá ní kí wọ́n yára, Bàbá ní yóò pẹ́.
Kò pẹ́, Bàbá. Kò pẹ́ rárá.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí Gàníù, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ẹ kí Mètìrì, ẹ ní mo ní kí ó má bá mi fi oyin sí lẹ́tà mi mọ́. Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, bí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ẹ sun ún, kò sí Faransé kankan tó máa bò ó lónìí. Bàbá, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Kí ó fún yín ní àlàáfíà àti oúnjẹ òòjọ́. Kí ó dá etí yín sí, kí ó má jẹ́ kí ó di títí ọjọ́ alẹ́ yín, kí ẹ lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá ń kọ ní pápá yẹn. Àmín.

Èmi ni Ìdìrísù, ẹ̀gbọ́n Ràmátù,
ọmọ yín.